Bí ilé-ìwé ṣe ń mọ́ ọmọ lára: ohun tí ẹ máa ṣe láti oṣù kẹjọ títí wọn yóò fi wọlé lẹ́yìn Kérésì

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń gbé oúnjẹ rẹ̀ padà sílé bí ìyá rẹ̀ ṣe dì í. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìrẹsì ni. Ìyá rẹ̀ ní bóyá kò wù ú, ó fi Indomie rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, dòdò àti ẹyin ni. Nígbà tó fi máa di Tọ́sìdeè, inú ti ń bí ìyá, ó ní ọmọ náà kàn ń fi oúnjẹ ṣòfò ni. Ọjọ́ Fúráìdeè ni mo tó jókòó tì í lásìkò oúnjẹ. Mo rí i tó gbá fúláàsì mọ́ àyà, tó ń fi gbogbo agbára yí ọmọrí rẹ̀, tó wá gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, tó ń wo ẹnu àwọn tó ń jẹun. Kò lè ṣí i ni. Kò sì mọ̀ pé èèyàn lè ní kí àǹtí bá òun ṣí i, torí nílé, kó tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń ṣí i fún un.

Àwọn òbí máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí ọmọ ti mọ ABC kó tó wọlé. Ẹ fi ABC sílẹ̀ fún wa, iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ohun méjì ni kí ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó mú un wá: kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwọn nǹkan kéékèèké tó kan ara rẹ̀, kó sì dá a lójú pé ẹni tó fi òun sílẹ̀ ń padà bọ̀ wá mú òun. Ọmọ tó bá ní méjèèjì, ẹkún rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ.

Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù

Láyé tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ọjọ́-ìbí, wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ kò bá tó etí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀rín máa ń pa wá lónìí, àmọ́ àwọn àgbà yẹn mọ̀ pé àsìkò wà fún nǹkan. Ní báyìí, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti ọdún 2013 fi ọmọ ọdún 5 sí kíláàsì ọdún kan tó ṣáájú Prámárì Kìíní, kó tó wá wọ Prámárì Kìíní ní ọmọ ọdún 6. Òbí tó bá ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí ọmọ òun fo kíláàsì torí pé ó gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, orí lè ti tó, kí ọwọ́ àti ọkàn má tíì tó. Èmi kì í gbà.

Wọ́n á béèrè ìwé ọjọ́-ìbí, èyí tí NPC, àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà, máa ń fún ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ wo káàdì yẹn dáadáa kí ẹ tó mú un wá. Abẹ́rẹ́ èéyi (measles) ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó jẹ́ ti oṣù 15, ni mo sábà máa ń rí tó ṣófo, torí ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé ti oṣù 9 ló parí rẹ̀. Kíláàsì ọmọdé sì ni ibi tí èéyi ti máa ń ràn bí iná ọyẹ́.

Oṣù kẹjọ: tọ́lẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba fọ́ọ̀mù, ẹ ní kí wọ́n fi tọ́lẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọdé hàn yín, kí ẹ mú ọmọ náà dání. Ṣé èyí tí wọ́n ń jókòó lé ni àbí èyí tí wọ́n ń lóṣòó sí? Ọmọ tó jẹ́ póò nìkan ló mọ̀ nílé lè wo ihò ṣáláńgá kó rò pé òun máa jìn sí i. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò kàn máa mú un mọ́ra láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ẹ ó fi dé, tàbí kó tọ̀ sára.

Nílé, ẹ jẹ́ kó máa dá a ṣe lójoojúmọ́: kó bọ́ ṣòkòtò, kó lóṣòó, kó nu ìdí, kó tún ṣòkòtò wọ̀, kó fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ kọ́ ọmọbìnrin pé láti iwájú lọ sẹ́yìn ni wọ́n ń nù ún, kí ìgbẹ́ má baà kan ojú ara. Kò ní mọ́ tónítóní lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fara dà á, kí ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe.

Ohun tó máa ń já àwọn ọmọkùnrin kulẹ̀ jù ni bẹ́líìtì. Òbí á ra bẹ́líìtì aláwọ tó dán, ọmọ á sì rẹwà bíi lọ́yà, àmọ́ ní aago mẹ́wàá, ìtọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ìdè bẹ́líìtì kò tú. Ẹ ní kí télọ̀ fi rọ́bà sí ìbàdí ṣòkòtò náà. Bàtà náà, èyí tí wọ́n kàn ń tẹ̀ mọ́ra ni kí ẹ rà, kì í ṣe olókùn. Mo ní ọmọ 30 ní kíláàsì. Tí mo bá ní kí n so okùn bàtà fún gbogbo wọn, ilẹ̀ á ṣú.

Kí wọ́n jẹun bí wọ́n ṣe máa jẹ ẹ́ ní kíláàsì

Ẹ bá mi mú fúláàsì tí ẹ fẹ́ rà fún un, kí ẹ gbé e fún ọmọ náà nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá lè ṣí i, ẹ dá a padà. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: tí ẹ bá bu oúnjẹ gbígbóná sí fúláàsì, tí ẹ sì dé e pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó bá ṣe ń tutù ni ọmọrí ń fà mọ́ ọn. Fúláàsì tí ọmọ ṣí wẹ́rẹ́ nílé lálẹ́ lè wá di àpáta fún un ní aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí ooru jáde díẹ̀ kí ẹ tó dé e, kí ẹ má sì fi agbára àgbà dé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún un ṣe, òun náà ló wá ń bá àwọn tó jókòó tì í ṣí tiwọn.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa fi fúláàsì náà bu oúnjẹ ọ̀sán fún un nílé. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20, kí ẹnikẹ́ni má fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ọmọ tí màmá àgbà ṣì ń bọ́ ní àbọ́yó yóò kọ́kọ́ wo yín bí ẹni pé ẹ ti kọ òun sílẹ̀. Ebi á bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ bu ìwọ̀nba. Ẹ má fi ẹja eléegun sí i, ẹ má fi ẹ̀pà oníhóro fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, bẹ́ẹ̀ náà ni súìtì líle, torí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sáré pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, ó sì lè há wọn lọ́fun. Omi tútù tó mọ́ dára ju ohun aláwọ̀ pupa inú páálí lọ.

Ọwọ́ kan náà tó ń ṣí fúláàsì ló máa di pẹ́ńsù mú, torí náà ẹ má ra ìwé tí wọ́n ti ń tọ ojú ìlà nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣa ẹ̀wà, kó máa bó ẹ̀gúsí, kó máa po ìyẹ̀fun bí ẹ bá ń ṣe pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Ọmọ tó bá bó ẹ̀gúsí fún oṣù kan, ìka rẹ̀ á le ju ti ẹni tó ń tẹ fóònù lọ. Ní ti oorun, ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, tó fi mọ́ oorun ọ̀sán. Bí bọ́ọ̀sì bá máa gbé e ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì máa fa àkókò oorun sún mọ́ aago mẹ́jọ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ ó pa tẹlifíṣàn. Ó máa dun àgbà ju ọmọ lọ.

Èdè tó máa fi ké gbàjarè

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni kì í fẹ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ. Mi ò fara mọ́ ọn, mo sì máa ń sọ ọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù mú yín bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò já gaara yọ ọmọ lẹ́nu nílé.

Àmọ́ ọmọ ò lè dúró de ìgbà tí a máa yanjú ìyẹn. Ẹ bi àǹtí kíláàsì náà léèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ tí ọmọ bá fẹ́ tọ̀. Kíláàsì kan á ní “wee-wee”, òmíràn á ní “May I ease myself?” Èyí tí wọ́n bá ń lò gan-an ni kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ fi mẹ́rin mìíràn kún un: ó ń dùn mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, ẹ bá mi ṣí i, ẹ ní kó fi mí sílẹ̀. Ẹ fi ṣeré lálẹ́, kí ọmọ ṣe àǹtí, kí ẹ̀yin ṣe ọmọ. Kí ẹ sì bẹ àǹtí náà pé ní oṣù àkọ́kọ́, bí ọmọ bá fi Yorùbá ní òun fẹ́ yàgbẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ kí ẹ sọ ní èdèkédè ni èyí: “Máa sọ fún àǹtí yín kó nà ọ́.” Òbí á rò pé òun ń fi tọ́ ọmọ sọ́nà ni. Ó ti sọ mí di egúngún kí ọmọ tó rí ojú mi.

Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹ̀yin ni èkùrọ́, èmi ni mo fẹ́ gbọmọ, bó ṣe máa lọ sì wà lọ́wọ́ yín ju ọwọ́ mi lọ.

Ẹ tètè dé. Ọmọ tó bá dé nígbà tí kíláàsì ṣì dákẹ́ máa ń rí ibi jókòó, ó máa ń rí ohun ìṣeré, ó sì máa ń rí àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá dé lẹ́yìn tí àwọn tó ń sunkún ti pọ̀, ẹkún ló máa bá wọn gbè.

Ẹ bọ́ sílẹ̀ dé ìpele ojú rẹ̀, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ máa dé ní ọ̀nà tí ọmọ á fi mọ̀ ọ́n. Kò mọ aago méjì. Ó mọ oúnjẹ, ó mọ oorun, ó mọ agogo. “Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá jẹun tán, tí ẹ sùn, tí ẹ jí, tí wọ́n lu agogo, wàá rí mi ní géètì.” Ẹ dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fà á lé ọwọ́ àǹtí. Kí ẹ máa lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ sọ lójoojúmọ́, kí ó dà bí àdúrà àárọ̀.

Ẹ má parọ́ pé ẹ fẹ́ lọ ra bisikíìtì, ẹ má sì yọ́ lọ nígbà tó bá kọ ẹ̀yìn sí yín. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́kún, kò sáriwo. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ máa sanwó rẹ̀. Ọmọ kan tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré fún ọ̀sẹ̀ méjì ní kíláàsì mi. Kò sunkún o. Ó kàn ń ṣọ́ géètì ni. Ó ti kọ́ pé bí òun bá gbójú kúrò lára ènìyàn, ẹni náà lè pòórá.

Tí ẹ bá sì ti lọ, ẹ lọ. Ìyá kan fara pamọ́ sẹ́yìn igi máńgòrò tó wà níwájú kíláàsì wa, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ti dákẹ́. Ọmọ náà ti dákẹ́, ó tiẹ̀ ti ń kun àwòrán ẹja. Ló bá gbójú sókè, ó rí òṣùmàrè gèlè ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Gbogbo kíláàsì ló bá a sun ẹkún yẹn. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ pe ọ́fíìsì ní aago mẹ́wàá.

Ẹ gé ìrépé kan lára ìró yín tó ti gbó, tí òórùn yín wà lára rẹ̀, kí ẹ fi sí àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ilé-ìwé lè ní kí ọmọ má mú ohun ìṣeré wá, mi ò tíì rí èyí tó ń lé áńkáṣíìfù. Ẹ jẹ́ kí àǹtí náà gba àwọn àṣà kékeré tí ọmọ bá mú wá láyè. Ọmọbìnrin kan gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn fún ọjọ́ mẹ́jọ nínú kíláàsì, ó ń fi í jẹun, ó ń fi í kọrin, ó fẹ́ fi í sùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó fi kọ́ ìṣó, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan.

Mọ́ńdè kejì

Èyí ló máa ń ya òbí lẹ́nu jù. Ọmọ tí kò sunkún rárá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á wá dì mọ́ òpó ilẹ̀kùn ní Mọ́ńdè kejì. Wọ́n á ní ẹnì kan ti nà án. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe òde àríyá la gbé òun lọ, ojoojúmọ́ ni. Ẹ má fún un ní ọjọ́ ìsinmi torí ẹkún, torí á rí i pé ẹkún ní owó lórí. Tó bá jẹ́ pé ìyá ló ń mú un wá, ẹ jẹ́ kí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n mú un wá fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹkún tó wà fún ìyá sábà máa ń kéré sí i tí ìyá kò bá sí níbẹ̀.

Tó bá délé, ebi ń pa á, ariwo kíláàsì ṣì wà létí rẹ̀. Ẹ má bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí. “Nothing” ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ wẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kó ṣeré nílẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹ bi í pé ta ló ṣubú lónìí. Ìtàn á jáde. Ọmọ tó ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wa lè máa fi gbogbo ìbínú rẹ̀ ṣe yín nílé, ó sì lè padà máa tọ̀ sílé lóru. Ó ti mú ara dúró láti àárọ̀ ni, ọ̀dọ̀ yín ló ti lè tú u sílẹ̀. Ẹ má nà án fún ìtọ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó; tí omijé bá ti ń kán sórí ìwé, ẹ pa á dé, kí ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Àǹtí tó bá bínú sí ìyẹn, ẹ lọ rí i.

Ẹni tó máa mú un, àti ara rẹ̀

Ẹ fún ilé-ìwé ní orúkọ àti fọ́tò àwọn tó lè wá mú ọmọ, kò ju mẹ́ta lọ. Tó bá di dandan kí ẹlòmíràn wá, ẹ pè ṣáájú, kí ẹ sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ọmọ mọ̀. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ yín ní kíkún, kì í ṣe “mọ́mì mi”. Ẹ kọ́ ọ pé ibi tí pátá bò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án níkọ̀kọ̀, ì báà ṣe àǹtí, ì báà ṣe awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ì báà ṣe ọmọ kíláàsì ńlá, àti pé bí ẹnì kan bá ní kó má sọ fún yín, ìyẹn gan-an ni kó sọ. Bí wọ́n bá ní ọmọ á máa tẹ́tí sí àgbà, ẹ fi kún un pé kì í ṣe nínú èyí.

Bí ọmọ bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má fi pamọ́ nítorí ojú ayé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mu omi léraléra, èyí tó túmọ̀ sí pé á máa tọ̀ léraléra, òtútù sì lè dá ìrora sí i lára. Tí n ò bá mọ̀, mo lè rò pé ó fẹ́ máa jáde kiri ni, kí n ní kó jókòó. Ti ikọ́ fée (asthma) náà nìyẹn: kí inhaler tó ń fi ẹnu fà wà nínú báàgì, kí àǹtí méjì ó kéré tán mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Sáà àkọ́kọ́ ni ọmọ máa ń kó ọ̀fìnkìn jù. Èyí kò ní kó jókòó sílé. Ibà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ní kó jókòó sílé, ẹ má fún un ní Paracetamol ní aago méje kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Aago mọ́kànlá ni ara rẹ̀ á tún gbóná, a sì ń pè yín, ẹ ò gbé e.

Tí oṣù kan ààbọ̀ bá kọjá, tó ṣì ń sunkún láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí kò jẹun, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré, ẹ ní kí àǹtí jókòó bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde, kì í ṣe ní géètì láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Ọmọ tí kò gbọ́ran dáadáa máa ń dà bí olóríkunkun. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹnì kan pàtó ló ń bẹ̀rù, tàbí ẹ rí ojú egbò tí kò lè ṣàlàyé, tàbí ó ń dùn ún nígbà tó bá ń tọ̀, ẹ má dúró de oṣù kan. Ọjọ́ yẹn náà ni.

Lẹ́yìn Kérésì

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìsinmi Kérésì, ó sì ti tó fún ọmọ láti gbàgbé. Ẹkún á tún dé ní oṣù kìíní, àmọ́ kì í pẹ́ tó ti oṣù kẹsàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó wọlé, ẹ dá oorun aago mẹ́jọ padà. Kí ó gbé báàgì rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ẹ yọ búrẹ́dì gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ àti bàtà náà fún un wò kí ọjọ́ tó pé, torí bàtà tó tóbi lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án lè ti máa ta á lẹ́sẹ̀ báyìí, á sì fi ẹkún ẹsẹ̀ sun bí ẹkún ilé-ìwé.